Etí Mi Kì Í Purọ́

Àwọn ẹyẹ ló kọ́kọ́ lọ. Ọkọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí a jókòó sẹ́yìnkùlé wa ní Bódìjà, tí òun ń ki búrẹ́dì bọ tíì, tí èmi ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbójú sókè wo igi máńgòrò tó wà lẹ́bàá ògiri, ó mí kanlẹ̀, ó ní àwọn ẹyẹ ti kó kúrò ládùúgbò yìí, pé ariwo jẹnẹrétọ̀ ti lé wọn lọ, pé òun ò rántí ìgbà tí òun gbọ́ igbe wọn gbẹ̀yìn. Mo wo igi náà. Ẹyẹ kún orí rẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n ń ké, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń ya ìgbẹ́ sórí páànù bọ́ìsì kọ́tà. Mo rò pé òwe ló ń pa, nítorí ọkùnrin yìí a máa di ọlọ́gbọ́n bí ó bá ti yó. Mo ní kí ó mu tíì rẹ̀ kó tó tutù, mo sì ń ṣa ẹ̀wà mi lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ pé mò ń pe ọkọ mi ní “ó”. Lójú rẹ̀, “ẹ” ni, “Dádì” ni, láti ọjọ́ tí a ti bí àkọ́bí wa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń “wọ́n” lọ, tí mò ń “wọ́n” bọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ò ní mọ ìgbà tí mò ń sọ nípa rẹ̀ àti ìgbà tí mò ń sọ nípa àwọn ẹyẹ. Olùkọ́ ni mí, àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo kórìíra ọ̀rọ̀ tó bá lọ́.

Òun ní tirẹ̀, ilé iṣẹ́ rédíò ló ti lo ayé rẹ̀. Kì í ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn gíláàsì ló máa ń wà, tí ohun ìgbọ́rọ̀ dúdú méjì á bò ó létí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí á máa tún ohùn ẹlòmíràn ṣe kí ó tó jáde sáfẹ́fẹ́. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sin adìyẹ, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sí bọ́ìsì kọ́tà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ampilifáyà fún àwọn ìjọ. Mo ní ó ń kàn án, kì í ṣe pé ó ń tún un ṣe. Láti orí páànù tí ó fi ń ṣe àpótí rẹ̀ títí dé orí èyí tó kéré jù nínú ohun tí ó ń fi òjé jó mọ́ inú rẹ̀, òun ló ń yan gbogbo rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé èyí ló dára, èsì kan ṣoṣo ló ní: “Etí mi kì í purọ́.” Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́. Àwọn ará àdúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, ó sì ń dùn mọ́ ọn.

Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ, kapásítọ̀ ló ń fi ẹ̀mí rẹ̀ yàn. Ta ni kò mọ kapásítọ̀ n'Ìbàdàn? Kí fáànù máa yí bí ẹni tí kò jẹun, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n á ní kapásítọ̀ rẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tọ ọkọ mi lọ pé kí ó bá yín wá ti fáànù, inú ló máa bí i. Ó fi yé mi pé àwọn ńlá, tí wọ́n tó agolo mílíìkì, ń gba iná jọ bí dúrọ́ọ̀mù ṣe ń gba omi jọ, kí ẹ̀rọ má baà máa rí iná ségesège. Bí wọ́n bá ti gbó, sípíkà á máa kùn bí ẹni tí inú ń run. Àwọn kéékèèké ni ẹnu ọ̀nà. Inú wọn gan-an ni ohùn ń gbà kọjá. Ó ní èyí tí kò dára nínú wọn kì í pa ohùn lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń bù ú jẹ láti òkè, níbi tí ohùn ti tínrín, títí gbogbo rẹ̀ á fi ṣókùnkùn, ẹni tó ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ kò sì ní fura. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má fọwọ́ kan àwọn ńlá yẹn láé, bí a tilẹ̀ ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná. Ó ní iná ṣì ń wà nínú wọn lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti rò pé ó ti kú. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fẹ́ràn àtigbálẹ̀ yàrá yẹn mọ́.

Dùgbẹ̀ ló ti ń rà wọ́n, èmi a sì máa bá a lọ nígbà mìíràn, nítorí mo fẹ́ràn kí n máa wò ó. Ayédèrú pọ̀ níbẹ̀ ju ojúlówó lọ. Àwọn kan wà tí ẹ bá bó aṣọ ara wọn, ẹ ó bá òmíràn tó kéré bí ọmọ ìka nínú rẹ̀. Torí náà, ọkọ mi á gbé kapásítọ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ kí ó mọ bí ó ti wúwo tó, á wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá òjé ti kàn án rí, á wo orí rẹ̀ bóyá ó ti ń wú, á gbé e símú. Ẹni tó ń tà á á máa rẹ́rìn-ín sábẹ́. Bí ó bá délé, á fi mítà wọ̀n ọ́n, ìyẹn náà kò sì tó. Ó ní mítà lè sọ iye tó wà nínú rẹ̀, kò lè sọ bí yóò ṣe kọrin. Á wá jó o mọ́ ẹ̀rọ, á fi orin kan ṣoṣo dán an wò. Ohùn mi ni orin náà. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín, ó mú mi lọ sẹ́yìn gíláàsì lọ́jọ́ kan, ó gba ohùn mi sílẹ̀ níbi tí mo ti ń kọ orin ìyìn kan láìsí dùùrù. Ohùn òkè ni mò ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, títí di òní. Orin yẹn ló fi ń yan kapásítọ̀ láti ìgbà náà. Bí ohùn mi bá jáde bí ó ti yẹ, ó ti rí ohun tó ń wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á yọ ọ́ dànù.

Nígbà tí ìjọ kan ní Akóbọ̀ fẹ́ parí gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n ní kí ọkọ mi wá fi ẹ̀rọ ohùn sí i, wọ́n sì ní kí ẹgbẹ́ akọrin tiwa wá kọrin níbi ìyàsímímọ́ rẹ̀. Kò sí ìjọ tó tó bẹ́ẹ̀ tó pè é rí. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jókòó. Gbogbo orúkọ tó ti ń fi etí kó jọ láti ìgbà ọ̀dọ́ ló gbé lé iṣẹ́ kan yìí. Ó ní kí òun tó kú, èyí ni òun fẹ́ kí wọ́n máa fi rántí òun. Mo ní ta ló ń sọ̀rọ̀ ikú láàárọ̀ kùtù.

Ìgbà tí ó kan ẹ̀rọ náà tán ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ó tan orin mi, ó dá a dúró, ó tún tan án. Ó ní ohùn náà ti kú. Ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n da aṣọ bò mí lórí kí wọ́n tó ní kí n máa kọrin. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń nu ọwọ́, mi ò gbọ́ aṣọ kankan. Ara mi ni mo gbọ́, bí mo ti wà nígbà yẹn. Mo ní ó dára. Ó ní kí n lọ máa wo ọbẹ̀ mi. Ó yọ kapásítọ̀ tó wà níbẹ̀, ó lọ sí Dùgbẹ̀, ó bá ẹni tó tà á fún un jà, ó mú òmíràn bọ̀. Ìyẹn náà kú lójú rẹ̀. Ó tún lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ àwọn nǹkan mìíràn kí ohùn lè mọ́lẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohùn mi inú ẹ̀rọ ń mú sí i lójoojúmọ́, títí ó fi wá dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Gbogbo “ṣe” àti “sì” inú orin náà ń gún mi létí. Aládùúgbò wa pa fèrèsé rẹ̀ dé. Ọkọ mi tẹ́tí sílẹ̀, ó ní ó ti fẹ́ dára, ó kù díẹ̀.

Mo sọ fún un. Kí ẹ má rò pé mo dákẹ́; èmi kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Mo ní ó ti mú jù, ó ń gé èèyàn létí. Ó ní fóònù ti ba etí mi jẹ́, mi ò mọ ohùn gidi mọ́. Mo ní èmi tí mò ń kọrin ni mi ò mọ ohùn? Ó ní etí òun kì í purọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ gbogbo ayé. Àwọn tó ń ka ìròyìn ò mọ ọ̀rọ̀ pè mọ́. Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, ń sọ̀rọ̀ sínú bí ẹni tí eyín ń dùn. Fóònù òun kì í dún dáadáa. Bí mo bá ti ilé ìdáná bá a sọ̀rọ̀, á ní, “Mọ́mì, ojú lọ̀rọ̀ wà,” pé kí n wá síwájú òun. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ta ni yóò bá a jiyàn? Mo tilẹ̀ rò pé ojú mi ló ń wù ú láti rí. Mò ń fi lọ́fíńdà sára kí n tó lọ dá a lóhùn, èmi ìyá arúgbó.

Láàárín ìgbà yẹn ni olè wọ ilé ìyá kan tó ń gbé lódìkejì wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá náà wá sẹ́nu géètì wa, ọkọ mi ló sì bá níbẹ̀. Oòrùn ń bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ wà nínú òjìji. Èmi wà ní fàráńdà, mo gbọ́ ọ ketekete. Ó ní, “Bàbá, wọ́n fọ́lé wa.”

Ọkọ mi na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. “Ẹ kú oríire. Ilé á tura, ẹ ó lò ó pẹ́.”

Ìyá náà kàn ń wò ó. Mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo dì mọ́ obìnrin náà, mo ní kí ó má bínú, pé bàbá ń ṣàwàdà ni kí ọkàn rẹ̀ lè fúyẹ́. Àwàdà burúkú. Mo mú un délé rẹ̀, mo bá a gbá àwọn àfọ́kù gíláàsì. Nígbà tí mo padà dé, ọkọ mi bi mí pé kí ló ṣe ìyá yẹn, tí wọ́n ń kí i pé ó kọ́lé tí kò dáhùn. Ó ní àwọn èèyàn ti ń gbéraga jù.

Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ sínú ara mi. Wọ́n fọ́lé. Wọ́n kọ́lé. Èmi tí mo ti ń fi ọ̀pá tọ́ka sí àmì ohùn lójú pátákó fún àwọn ọmọ kéékèèké láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni! Àmì orí ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀. Bí ẹ bá pa ẹnu dé tí ẹ fi imú kùn wọ́n, ọ̀kan náà ni wọ́n. Orin ọ̀rọ̀ náà dé etí ọkọ mi, lẹ́tà rẹ̀ ni kò dé. Bóyá bí gbogbo ọ̀rọ̀ wa ṣe ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, tí àwa ń kùn, tí òun ń fúnra rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ sí i. Mo rántí àwọn ẹyẹ.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ kì í gbà láìdán an wò. Mo dúró dè é títí ó fi jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, mo lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kò ti lè rí ẹnu mi. Mo ní, “Dádì, ẹ̀fọ́ ti tán nílé.”

Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ̀kọ́ kì í tán, Mọ́mì. Títí a ó fi kú la ó máa kọ́ ọ.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò purọ́ fún yín, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ wá, ó rẹwà lọ́rọ̀ débi pé Fíkà ì bá fi ṣe ìwàásù. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sẹ́yìnkùlé lọ sunkún sínú ìborùn mi.

Báwo ni èèyàn ṣe ń sọ ọ́? Bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, ǹ bá ní ẹ jẹ́ ká ra ọ̀pá. Etí ni gbogbo ohun tó ní. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Bí mi ò bá sọ ọ́, á gbé ẹ̀rọ tó ń gé èèyàn létí lọ síwájú gbogbo ìjọ Akóbọ̀, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo ayé. Mo fi ọgbọ́n sọ ọ́, mo ní ẹ jẹ́ kí àwa méjèèjì lọ rí dókítà, ṣé àgbà ti dé. Ó ní ta ló ń ṣàìsàn? Ó ní bí iṣẹ́ òun bá ti sú mi, kí n sọ ọ́. Ó wọ bàtà, ó tún gba Dùgbẹ̀ lọ. Nígbà tí ó dé, ó ṣe ohun tó bà mí lẹ́rù jù. Kapásítọ̀ kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí ó máa da ohùn tó bá tínrín jù nù kí ó má baà di súfèé. Ó yọ ọ́. Ó ní èyí gan-an ni ọ̀tá, òun ló ń pa ohùn láti ìgbà yìí. Ọjọ́ ìyàsímímọ́ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé fóònù mi lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Mo nà án sókè bí ẹni ń tọrọ nǹkan títí ọwọ́ fi ń ro mí. Lẹ́yìn náà mo lọ bá a ní bọ́ìsì kọ́tà, mo ní kí ó bá mi so fóònù yìí mọ́ ẹ̀rọ, pé mo ní orin tuntun kan. Inú rẹ̀ dùn pé mo ti wá gbà pé ẹ̀rọ náà dára. Ó wá wàyà, ó so ó.

Ojú ẹ̀rọ náà ní abẹ́rẹ́ kékeré méjì tó máa ń fò bí ohùn bá ń kọjá. Mo tẹ fóònù. Igbe ẹyẹ bẹ́ jáde nínú sípíkà, ó mú bí abẹ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ di etí mi. Abẹ́rẹ́ méjèèjì ń fò, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń na orí. Ọkọ mi ń wò wọ́n, ó ń dúró kí orin bẹ̀rẹ̀. Ó tẹrí ba mọ́ sípíkà. Ó fi ìka kan kapásítọ̀ kan, ó kan èkejì. Ó ní nǹkan ń jò gba inú ọ̀kan nínú wọn, pé kí n wo bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ṣe wèrè láìsí ohùn. Ó gbójú sókè, ó rí ojú mi.

“Kí ni?” ó ní.

Mo rìn lọ síwájú rẹ̀. Mo la ẹnu mi dáadáa bí mo ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. “Ẹyẹ ni, Dádì. Àwọn ẹyẹ orí igi máńgòrò wa ni. Àárọ̀ yìí ni.”

Ó padà wo abẹ́rẹ́ náà. Ó wò wọ́n pẹ́. Mo rí i bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń wọlé sí i lára, àwọn oníròyìn, Fíkà, ìyá òdìkejì, orin mi.

“Wọn ò lọ?”

“Wọn ò lọ rí.”

Ó na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ náà. Iná tó kù nínú àwọn kapásítọ̀ ńlá kò jẹ́ kí ó kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn ẹyẹ náà ṣì ń ké, wọ́n ń rẹlẹ̀, wọ́n ń jìnnà, abẹ́rẹ́ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òun sì tẹ ojú mọ́ ọn títí abẹ́rẹ́ náà fi dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí méjèèjì bí ó ti máa ń rí lẹ́yìn gíláàsì. Mo jókòó tì í. A wà níbẹ̀ títí oòrùn fi wọnú yàrá.

Ó jẹ́ kí n mú òun lọ. Dókítà elétí tí a rí ní Ríìǹgì Róòdù jẹ́ ọmọlúàbí, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó rọra sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tó ti lọ kò ní padà. Ó ní èyí tó kù náà ti mú ọ̀nà kan náà pọ̀n, láti òkè wá sílẹ̀, a kò sì mọ bí yóò ti yára tó. Ó ní ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ etí tí yóò ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Ọkọ mi ní ó di ẹ̀yìn ìyàsímímọ́. Ó ní ẹni tó fẹ́ fún ìjọ ní ohùn kò lè wọ ibẹ̀ pẹ̀lú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ létí. Ó wá yí sí mi nínú mọ́tò, ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn ọmọ. Ọkùnrin tí kì í bẹ èèyàn.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, àwa méjèèjì. Òun ń jó kapásítọ̀ mọ́ ọn, èmi ń gbọ́. Ó kọ́kọ́ dá èyí tó ń da súfèé nù padà sí ààyè rẹ̀. Ó tan orin mi, kò sì tẹ́tí sí i mọ́, ojú mi ló ń wò. Bí ó bá mú jù, mo gbé ọwọ́ lé àyà. Bí ó bá ṣókùnkùn, mo gbé e sókè. Bí ó bá dára, mo kàn ń wò ó. Mo rí i pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó ti ń sọ fún mi láti ọdún yìí wá nípa wọn: ọ̀kan ń mú kí ohùn mi gbẹ, ọ̀kan ń mú kí ó sanra, ọ̀kan wà tí mo ti gbọ́ bí mo ṣe ń mí láàárín ẹsẹ̀ orin sí ẹsẹ̀ orin. Mo wò ó. Ó ní, “Òun nìyẹn?” Mo ní òun ni. Ó bi mí pé mímí yẹn, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀. Mo ní ó wà níbẹ̀. Ó yí ojú padà, ó ń wá òjé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbọ̀ngàn Akóbọ̀ kún lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi wọ agbádá funfun, ó dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí ó ti lè rí ibi tí àwa akọrin dúró sí. Láti orin àkọ́kọ́ ni ohùn ti mọ́ bí omi. Ìwàásù dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà níta. Mò ń wò ó, ó ń wò mí, ọwọ́ mi ń lọ sí àyà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀mí ń gbé, kò sì sí ẹni tó fura. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi akọrin ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, wọ́n ní bàbá yìí ò mà tíì gbàgbé yín o, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wò yín bí ìyàwó àná. Mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí títí dé èékánná.

Orin ìkẹyìn ni wọ́n fún èmi nìkan láti gbé. Mo jáde síwájú, mo dúró nídìí máìkì. Mo bẹ̀rẹ̀, ó dára. Nígbà tí mo dé ibi tí orin náà ti gòkè, níbi tó ga jù, mo dijú. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́dọ̀ọ́ ni mo ti ń dijú níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì lè kọ ọ́ láìdijú. Mi ò ronú rárá. Mo dijú, mo sì gòkè.

Ọkọ mi rí ẹnu mi tó là, kò sì gbọ́ mi. Ojú mi tó fi ń gbọ́ ti pa dé. Ó yí ohùn máìkì mi sókè díẹ̀. Kò gbọ́ mi síbẹ̀. Ó tún gbé e sókè, ó ń wá mi.

Súfèé náà là gba gbogbo gbọ̀ngàn já. Mo la ojú. Gbogbo ìjọ ti fi ọwọ́ di etí, àwọn ọmọdé ń ké, Fíkà ibẹ̀ tẹrí ba mọ́ pẹpẹ, ẹnì kan ń nawọ́ sí ibi ẹ̀rọ. Láàárín gbogbo wọn, ọkùnrin kan ṣoṣo ló dúró ṣánṣán nínú agbádá funfun, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi nítorí pé mo ti la ojú.

Mo gbé ọwọ́ lé àyà. Ó yí i wálẹ̀ kíá. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Nígbà náà ló wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí àwọn ọwọ́ tó ń kúrò ní etí, lọ́kọ̀ọ̀kan, àti àwọn ojú tó yí sí i. Mo parí orin náà. Mi ò mọ bí mo ṣe parí rẹ̀. Fíkà ní ẹ̀rọ tuntun ni, ó ń kí ìjọ ni, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọkọ mi.

Lẹ́yìn ìbùkún, ó la àárín àwọn èèyàn kọjá wá bá mi. Wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń kí i kú iṣẹ́, ó ń mi orí fún gbogbo wọn láìdáhùn. Ó dúró síwájú mi, ó sún mọ́ mi bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí.

“Ṣé ó pẹ́ kí n tó yí i wálẹ̀?” ó ní.

Mo la ẹnu mi dáadáa. Mo ní, “Kò pẹ́, Dádì.”

Kò wo ẹnu mi. Ojú mi ló ń wò.